Nígbà Tí Ayé Dìbò Lórí Orúkọ Síónì

Ibi kíkà: Òwe 18:13–17, Jeremáyà 29:4–7

  

Síónì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa. Láti ìgbà tí a ti wà ní kíláàsì àwọn ọmọdé nílé ìjọsìn ni a ti ń fi kọrin. A fi sọ ìjọ lórúkọ, a fi sọ ilé ẹ̀kọ́ lórúkọ, àwọn òbí kan tilẹ̀ fi sọ ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ dé òkèèrè, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ń dá ìjà sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ní yunifásítì àti lójú títì tí wọ́n ti ń wọ́de. Ẹnìkan á pe Síónísìmù bí ẹni ń ki oríkì, ẹlòmíràn á pè é bí ẹni ń ṣépè. Bí wọ́n bá wá yíjú sí yín pé, "Kristẹni ni ọ́, kí ni o rí sí i?", kí ni ẹ ó sọ?

N kò ní fi ìdáhùn sí yín lẹ́nu. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ. Ó ṣẹlẹ̀ kí a tó bí mi, ó sì kan Nàìjíríà ju bí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ lọ. Ìtàn ọjọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé dìbò láti fún Síónísìmù ní orúkọ ni, àti ohun tí àwọn aṣòfin ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Síónì àti Síónísìmù

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀. Síónì inú Bíbélì ni odi agbára tí Dáfídì gbà ní Jerúsálẹ́mù, gẹ́gẹ́ bí 2 Sámúẹ́lì 5:7 ti sọ. Nígbà tó yá, àwọn wòlíì àti àwọn onísáàmù fi orúkọ náà pe gbogbo ìlú náà, lẹ́yìn náà wọ́n fi pe àwọn ènìyàn Ọlọ́run fúnra wọn. Síónì tí à ń fi kọrin nìyẹn.

Síónísìmù ní tirẹ̀ jẹ́ ìgbìyànjú òṣèlú. Ọdún 1897 ni Theodor Herzl, oníwèé ìròyìn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Vienna, pe ìpàdé àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Basel ní Switzerland. Wọ́n ń pa àwọn Júù ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà nígbà náà, wọ́n sì ń fojú tín-ínrín wọn ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù. Ohun tí Herzl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ni ilẹ̀ tí Júù lè pè ní tirẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú náà gbọ́. Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé tó ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní Èkó fún ìgbà díẹ̀ láàrin ọdún 1890 sí 1900, tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1898 lórí ọ̀rọ̀ àwọn Júù, ó sì yin ìgbìyànjú náà. Lójú rẹ̀, àwọn Júù àti àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú jọ ru ẹrù ìyà kan náà.

Lẹ́yìn tí ìjọba Hitler ti pa nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà Júù, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé dìbò ní oṣù kọkànlá ọdún 1947 pé kí wọ́n pín ilẹ̀ Palẹ́sìnì sí méjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1948, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan ń gbé lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó pín in. Nínú ogun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 àwọn Palẹ́sìnì ló di aláìnílé. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn Kristẹni sì wà láàrin wọn. Nínú ogun ọdún 1967, Ísírẹ́lì tún gba Gásà, ìwọ̀-oòrùn Jọ́dánì àti apá ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù. Ohun tó jẹ́ ìpadàbọ̀ sílé fún ẹnìkan di ìlékúrò nílé fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn yìí tó sì fi ìdajì kan pamọ́, kò tíì sọ òtítọ́.

Bí Áfíríkà ṣe dé ibẹ̀

Nígbà tí à ń gba òmìnira, ọ̀rẹ́ ni Ísírẹ́lì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà dá ilé iṣẹ́ ìkọ́lé Nigersol sílẹ̀ ní 1959 pẹ̀lú Solel Boneh ti Ísírẹ́lì. Kì í ṣe gbogbo wa ló fẹ́ ọ̀rẹ́ náà. Ní 1960, nígbà tí Ísírẹ́lì fẹ́ yá ìjọba àpapọ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn, ìjọba Àríwá lábẹ́ Ahmadu Bello ta kò ó gidigidi. Ẹ rí i pé kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń pín wa.

Ogun oṣù kẹwàá ọdún 1973 ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gé àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ó ku Malawi, Lesotho, Swaziland àti Mauritius nìkan lára àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí kò sí lábẹ́ ìjọba aláwọ̀ funfun. Íjíbítì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà, ọmọ ogun Ísírẹ́lì sì wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Epo rọ̀bì tún wà níbẹ̀, nítorí Nàìjíríà ti wà nínú ẹgbẹ́ OPEC láti 1971 pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá. Èyí tó dun Áfíríkà jù ni ìyà tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń jẹ ènìyàn dúdú ní Gúúsù Áfíríkà. Bí Ísírẹ́lì ti ń sún mọ́ ìjọba ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni inú ń bí àwọn olórí wa sí i.

Ní ìparí oṣù keje ọdún 1975, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Kampala. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpinnu kan tó so ìjọba Ísírẹ́lì pọ̀ mọ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti Gúúsù Áfíríkà àti ti Rhodesia. Gowon wà ní ìpàdé náà nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ní ọjọ́ 29 oṣù keje. Ó bá ti ilé jáde bí olórí, kò padà wọlé bí olórí mọ́. Murtala Muhammed ló gorí àga.

Ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1975

Ọ̀rọ̀ náà dé New York. Nígbà tó wà nínú ìgbìmọ̀ kẹta ti àpéjọ ńlá, Sierra Leone bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún un síwájú di ọdún mìíràn. Wọn kò gbọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, àpéjọ ńlá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìpinnu 3379, tó sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Síónísìmù. Orílẹ̀-èdè 72 gbà, 35 kọ̀, 32 kò dìbò síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún.

Nàìjíríà wà lára àwọn tó gbà. Dahomey, tí orúkọ rẹ̀ di Benin kí oṣù náà tó tán, gbà pẹ̀lú. Togo àti Ghana fà sẹ́yìn. Liberia àti Ivory Coast kọ̀. Ẹ kíyè sí àwọn méjì ìkẹyìn yìí: àwọn náà ti gé àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì ní 1973. Inú bí wọn sí ohun tí ìjọba Ísírẹ́lì ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé kí wọ́n fún gbogbo ìgbìyànjú àwọn Júù láti ní ilé ní orúkọ yẹn. Wọ́n mọ̀ pé ìbáwí yàtọ̀ sí ìsọlórúkọ.

Chaim Herzog, aṣojú Ísírẹ́lì, rán àpéjọ náà létí pé irú òru bẹ́ẹ̀ ní 1938 ni wọ́n dáná sun àwọn sínágọ́gù ní Jámánì. Nígbà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó fa ìwé ìpinnu náà ya lójú gbogbo wọn. Daniel Patrick Moynihan, aṣojú Amẹ́ríkà, sọ pé orílẹ̀-èdè òun kò ní tẹ̀ lé ìpinnu náà láéláé.

Àwọn aṣòfin dáhùn

Ní ọjọ́ kejì gan-an, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà dìde. Ilé aṣojú-ṣòfin dẹ́bi fún ìpinnu náà pẹ̀lú ìbò 384. Ẹnì kan ṣoṣo kò sọ pé rárá. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ṣe bákan náà. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bá ara wọn jà lójoojúmọ́ fẹnu kò lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí wọ́n tún yẹ ipò Amẹ́ríkà nínú àpéjọ ńlá náà wò, kí Amẹ́ríkà má sì kópa mọ́ nínú Ọdún Mẹ́wàá Ìgbógunti Ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 1973.

Àwọn àgbà ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà kan náà sọ̀rọ̀. A. Philip Randolph àti Bayard Rustin, tí wọ́n jọ ṣètò ìwọ́de ńlá ọdún 1963 ní Washington, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1975 kan náà láti dúró ti Ísírẹ́lì. Àwọn ọkùnrin yìí mọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà lára wọn, kì í ṣe nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Aṣòfin orílẹ̀-èdè kan kò lè pa ìpinnu àgbáyé rẹ́. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n sọ ọkàn wọn, kí wọ́n sì fa ọwọ́ ìjọba wọn sẹ́yìn. Wọ́n ṣe méjèèjì. Amẹ́ríkà kò lọ sí àpérò àgbáyé lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Geneva ní 1978, kò sì lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e ní 1983. Nítorí kí ni wọ́n ṣe dá Ọdún Mẹ́wàá náà sílẹ̀? Nítorí àwọn ará wa ní Gúúsù Áfíríkà ni pàtàkì. Áfíríkà ń wá ìrànwọ́ gbogbo ayé lórí ọ̀rọ̀ kan, ó wá ti ọwọ́ orílẹ̀-èdè tó lágbára jù kúrò nínú àwo nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà náà kò sì wẹ̀ mọ́ pátápátá níbẹ̀. Ẹni tí inú bí sí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ẹbí tó sì kúrò níbi ìtọ́jú aláìsàn, aláìsàn ló fi ìyà jẹ.

Ohùn àwọn aṣòfin kò dákẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, ilé aṣòfin Australia, lábẹ́ olórí ìjọba Bob Hawke, ṣe ìpinnu pé kí wọ́n fagi lé 3379. Ní 1987, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tẹ̀ lé wọn.

Àwọn aṣòfin tiwa ńkọ́?

Kò sí wọn. Láti oṣù kìíní ọdún 1966 tí àwọn ológun ti gba ìjọba ni a ti ti ilẹ̀kùn ilé aṣòfin àpapọ̀. Ní ọjọ́ tí Nàìjíríà dìbò ní New York, kò sí aṣojú kankan láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Kano tàbí láti Minna tó lè dìde bi ìjọba pé, "Ta ni ẹ bi léèrè kí ẹ tó dìbò?" Ìpínlẹ̀ Niger gan-an kò tíì sí. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Àríwá-Ìwọ̀-oòrùn ni Minna wà, Sokoto sì ni olú ìlú. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni Murtala dá ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n pa á.

Ẹ tún gbé èyí yẹ̀ wò. Ní 1984, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, àti Ẹ́mírì Kano, Ado Bayero, jọ rìnrìn àjò lọ sí Ísírẹ́lì. Ọba Yorùbá kan àti ọba Mùsùlùmí kan láti Àríwá jọ wọ ọkọ̀ òfurufú kan náà! Nígbà tí wọ́n dé, ìjọba ológun Muhammadu Buhari gba ìwé ìrìnnà wọn, ó sì ní kí wọ́n má kúrò ní agbègbè ìjọba wọn fún oṣù mẹ́fà. Ilé aṣòfin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ní 1979 ti kógbá sílé ní òpin 1983. Kò tún sí ẹni tí yóò béèrè.

Ọdún 1991 dé. Wọ́n ń pèsè ìpàdé àlàáfíà ní Madrid, Ísírẹ́lì sì sọ pé bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá fẹ́ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ pa ìpinnu 3379 rẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, wọ́n dìbò. Orílẹ̀-èdè 111 ní kí wọ́n pa á rẹ́, 25 kọ̀, 13 fà sẹ́yìn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìpinnu tuntun náà. Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára àwọn 111. Ghana tún fà sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìbò yìí ni olú ìlú wa kó láti Èkó lọ sí Abuja. Lọ́dún 1992, a dá àjọṣe padà pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Ibrahim Babangida, ọmọ Minna wa níhìn-ín, ló wà lórí àga lásìkò méjèèjì.

Ẹ bá mi kà á: a gé àjọṣe ní 1973, a dìbò ní 1975, a fìyà jẹ ọba méjì ní 1984, a yí ìbò padà ní 1991, a tún bá wọn ṣọ̀rẹ́ ní 1992. Ìgbà márààrún, kò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n dìbò ní orúkọ bàbá wa àti ìyá wa, wọ́n sì yí i padà ní orúkọ wọn, láì bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ì bá gbà pẹ̀lú ìjọba, àwọn kan ì bá kọ̀. A kò gbọ́ àríyànjiyàn náà ni a ṣe ń jà lórí rẹ̀ títí di òní bí ẹni pé àná ló bẹ̀rẹ̀.

Kí ni èyí fi kọ́ wa?

Òwe 18 kìlọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ àti ìtìjú ni fún ẹni tó dáhùn kí ó tó gbọ́. Ó tún sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ máa ń dà bí olóòótọ́, títí ẹnìkejì rẹ̀ yóò fi dé láti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Bàbá wa náà ní àgbọ́ọ̀gbọ́tán ejọ́ ni kì í jẹ́ ká mọ ẹjọ́ dá. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ẹjọ́ Júù, ẹ gbọ́ ti Palẹ́sìnì. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ti Palẹ́sìnì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín láti kórìíra Júù. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí à ń kọrin rẹ̀ ní Kérésìmesì, àwọn ará wa nínú Kristi tí wọ́n jẹ́ Palẹ́sìnì ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn Síónì, kò lè gbàgbé wọn.

Èkejì, àwa tí a jẹ́ Onítẹ̀bọmi láti ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí orúkọ tí ìjọba fún ènìyàn lè ṣe. Àwọn oníṣòwò, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé ìjọ wa lọ sí Àríwá àti sí Ghana. Wọ́n tajà lọ́sàn-án, wọ́n sì kọrin lálẹ́ títí ìjọ fi fìdí múlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti jẹ́ díákónì níbẹ̀, di àjèjì ní òru kan. Wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi ilé ìjọsìn sílẹ̀. Bí ẹni tí ó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kan dí gbogbo ènìyàn kan lápò, ó yẹ kí etí rẹ̀ ta. Ó sì yẹ kí etí rẹ̀ ta bákan náà bí ó bá gbọ́ ti ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé bàbá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin gan-an. Ọ̀pọ̀ yín wà nílẹ̀ tí a ti lè kọ̀wé sí aṣòfin kí ó sì fèsì. Àwọn òbí wa kò ní irú rẹ̀ ní 1975. Ẹ má fi àǹfààní náà ṣòfò, ẹ má sì fi ṣe ìpalára. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kankan, ẹ bi ara yín pé: Ǹjẹ́ mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú Júù tó ń gbé àdúgbò mi? Ǹjẹ́ mo lè sọ ọ́ lójú Palẹ́sìnì tí a jọ ń ṣiṣẹ́? Ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ lójú ẹni tó kàn, ó yẹ ká tún un rò.

Ní Minna níhìn-ín, tẹ̀mí-tẹ̀mí ni a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ìpàdé ọ̀nà rélùwéè ló sọ ìlú yìí di ńlá, ìyẹn ibi tí ọ̀nà tó ti Èkó wá ti pàdé èyí tó ti Baro lọ sí Kano. Gbagyi, Nupe, Hausa, Yorùbá àti Ígbò jọ ń ra omi lọ́wọ́ ẹnìkan náà. Ohun tí wọ́n bá dìbò lé lórí ní New York máa ń dé ọ̀dọ̀ wa nínú ìwàásù ọjọ́ Ẹtì àti ti ọjọ́ Ìsinmi. Ibi tí a bá fà á sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa yóò fà á sí.

Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn ọmọ Síónì gan-an nígbà tí wọ́n wà ní ìgbèkùn ní Bábílónì. Kò ní kí wọ́n gbàgbé ilé. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, nítorí nínú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwọn wà. Ẹni tó ń gbàdúrà fún Síónì àti ẹni tó ń gbàdúrà fún Bábílónì kò gbọdọ̀ jẹ́ ènìyàn méjì.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Olúwa, ìwọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ láì ṣe ojúsàájú, fún wa ní etí kí o tó fún wa ní ẹnu. Rántí Jerúsálẹ́mù, rántí Gásà, rántí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Rántí àwọn tó ń ṣòfin ní Abuja, ní London, ní Washington àti níbi gbogbo tí àwọn ọmọ rẹ wà. Ṣọ́ àwọn ará wa ní ìdálẹ̀, kí o sì mú ẹsẹ̀ wọn bọ̀ sílé ní àlàáfíà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.